Odó Tí Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi Gbà Lọ́wọ́ Mi

Nígbà tí a ń sin ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, àkọ́bí rẹ̀, tó ti di arúgbó tó ń tẹ̀pá, dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó gba máìkì, ó sì sọ fún gbogbo ìjọ pé ìyá òun ló rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ó ní bí kì í bá ṣe àánú ìyá òun ni, ìdí odó ni ǹ bá dàgbà sí. Ó nawọ́ sí mi níbi tí mo jókòó sí. Àwọn ènìyàn yíjú, wọ́n ń mi orí sí mi tàánútàánú, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ mí nínú kànga.

N kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Wọn kò tí ì pín oúnjẹ, mo sì ti rí ìkòkò ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí mo ń wọlé. N kò ní torí òtítọ́ pàdánù ẹran. Nísinsìnyí mo ti jẹ ẹ́, ó ti dà nínú mi, ọwọ́ mi sì dilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Kàbà, tí D.O. òyìnbó, ajẹ́lẹ̀ ìjọba, ṣì ń gbé lórí òkè tó ń wo gbogbo wa nílẹ̀, èmi ni ọmọbìnrin àgbà nílé bàbá mi. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé bí nǹkan bá ti wúwo, èmi ni wọ́n ń pè. Kí n tó lọ sí iléèwé láàárọ̀, mo ti fi agolo kẹrosíìnì pọnmi kún amù, òkè sì ni gbogbo ọ̀nà àbọ̀ odò wa. Bí mo bá ti iléèwé dé, igi ìdáná ń dúró dè mí. Bí kọfí bàbá mi bá pọ́n lóko, èmi ni n óò rù ú wálé. Nírọ̀lẹ́ ni iṣẹ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn iyán. Bàbá mi kì í jẹ ohun mìíràn lálẹ́, àwọn alágbàṣe tó ń bá a ṣiṣẹ́ náà sì ti kọ́ ìwà yìí lára rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mo ń gún un. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n tún máa ń kó gbogbo ọmọ iléèwé lọ sí ẹsẹ̀ àpáta láti ru òkúta wá fún ṣọ́ọ̀ṣì tuntun tí wọ́n ń kọ́. Apá mi le bí apá ọkùnrin. Àwọn ọmọkùnrin kíláàsì mi kì í bá mi jà. Òkèèrè ni wọ́n ti ń bú mi.

Mo sì ń jẹun. Irú àwo tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ fún bàbá mi ni wọ́n fi ń bu tèmi, n óò jẹ ẹ́ tán, n óò fi ìka nu ọbẹ̀ tó kù nínú rẹ̀, n óò sì wo àwo àwọn àbúrò mi bóyá ẹnì kan ti yó. Síbẹ̀ n kò sanra. Egungun àti ẹran líle ni mí láti òkè délẹ̀. Ara mi sì máa ń gbóná bí ààrò. Àwọn àbúrò mi tí a jọ ń sùn lórí ẹní kan náà máa ń tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nígbà ooru, wọ́n á ní mo fẹ́ yan àwọn jẹ. Nígbà ọyẹ́, wọ́n á máa jà lórí ẹni tí yóò sùn tì mí. Kò sí ẹni tó ka èyí sí àrà nílé wa. Ìyá mi a máa ní àwọn ọmọ kan ń jẹun, àwọn kan ń dáná sí i.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi dé láti Lọ́kọ́jà. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ akọ̀wé ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti tú ká lọ sẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó wá padà sílé àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú ibùsùn onírin kan àti àga ìrọ̀gbọ̀kú kan. Ó ní kí wọ́n gbé àga náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó jókòó sínú rẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé kò ní dìde mọ́ láéláé. Bí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ bá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, á pe ọmọ láti ẹ̀yìnkùlé kó wá bá òun mú un. Ó tóbi gan-an. Bí ó bá fẹ́ lọ sùn, àga náà á kọ́kọ́ bá a dìde díẹ̀ kó tó fi í sílẹ̀.

Ohun tó wá jẹ́ ìyàlẹ́nu, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń fi yangàn, ni pé kì í jẹun. Á bu òkèlè kékeré, á tọ́ ọ wò bí ẹni ń tọ́ oògùn wò, á sì ti àwo kúrò.

"Ó tó mi," á wí. "Èmi kì í jẹun. Inú mi kò fẹ́ wàhálà."

Lẹ́yìn náà á wá yí ojú sí àwo tèmi, kò sì ní gbé e kúrò níbẹ̀ títí n óò fi jẹun tán. Ọjọ́ kan ni ó pe ìyá mi.

"Ìyàwó, ǹjẹ́ o rí ohun tí ọmọ yìí gbé mì?"

"Mo rí i, ọkọ mi," ni ìyá mi dáhùn. Nílẹ̀ wa, gbogbo ẹbí ọkọ ni ọkọ obìnrin, títí dé orí ẹni tó fi gèlè sórí.

"Ó tó orí mi. Níbo ló gbé e gbà?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ọkọ mi. Bóyá ibẹ̀ ló ń lọ."

"Hàbà! Ṣé mò ń bá ọ ṣeré ni? Ọmọ tó ń jẹun báyìí tí kò sanra, kì í ṣe òun ló ń jẹ ẹ́. Aràn ni. Aràn ló kún inú rẹ̀, tí ẹ ń fi iṣu àbúrò mi bọ́."

Bí mo ṣe di aláàrùn nínú ilé bàbá mi nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi se àgbo aràn sínú ìkòkò ńlá kan, ó sì ń fún mi mu ún ní gbogbo àárọ̀ Sátidé kí n tó lọ ru òkúta. Ó korò dé ibi pé etí mi máa ń dún. Á dúró tì mí, á béèrè ohun tí mo rí nígbà tí mo bá ti ẹ̀yìnkùlé dé. N kò rí aràn kankan. Ebi tó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni mo ń rí.

"Aràn ológbọ́n ni," á wí, á sì fi kún àgbo náà.

Ǹ bá ti dárí jì í lórí àgbo. Ohun tí n kò dárí rẹ̀ jì í ni ti ilé-ẹ̀kọ́. Lọ́dún náà mo ti yege ìdánwò láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ olùkọ́. Oṣù kìíní ni wọ́n ní ká wá. Bàbá mi ti gbà. Ó ti ra àpótí páànù fún mi, mo sì ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní tí a ń sùn lé, tí mo máa ń ṣí i kí n lè gbóòórùn ọ̀dà ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi mú ọkọ wá fún mi láti Ìyàrà.

Akọ̀wé kóòtù ni ọkùnrin náà. Nígbà tó wá sílé wa, kò bi mí ní ohunkóhun. Aago ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Ìyá rẹ̀ ló ń fẹ́ mi ní tòótọ́. Àgbẹ̀ ńlá ni ìyá náà, iṣu rẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ. Ó ti gba ẹsẹ̀ àpáta kọjá ní Sátidé kan, ó rí mi níbi tí mo ti gbé òkúta kan tí ọmọkùnrin méjì ti fi sílẹ̀, ó dúró lójú ọ̀nà, ó béèrè ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi mọ̀ pé ìyá náà ń fẹ́ mi. Ìdí rẹ̀ ni kò mọ̀.

Bàbá mi kì í fẹ́ ìjà. Ìyá mi ń fà á sí ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fà á sí Ìyàrà, ó sì ń fi ẹ̀wù rẹ̀ nu ojú. Nígbà tó yá, ó ní:

"Ẹ jẹ́ kí ọ̀wẹ̀ parí rẹ̀. Bí àwọn àna bá wá ṣe ọ̀wẹ̀, tí inú wọn dùn sí ọmọ, kó máa bá wọn lọ. Bí inú wọn kò bá dùn, kó gbé àpótí rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Mi ò tún fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí mọ́."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ọ̀wẹ̀ mọ́. Ọkùnrin tó bá ń fẹ́ ọmọ nílẹ̀ wa ní láti kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá kọ ebè lóko bàbá ọmọ náà. Ilé bàbá ọmọ ni yóò sì bọ́ wọn. Ní agboolé tiwa, ọmọ tí wọ́n ń fẹ́ ló máa ń dá gún odó iyán àkọ́kọ́, níṣojú ìyá ọkọ, tí ẹnikẹ́ni kì í bá a fọwọ́ kan ọmọ odó. Ìyá ọkọ á bù ú, á tọ́ ọ wò, gbogbo ènìyàn á sì máa wo ẹnu rẹ̀. Gbogbo ọmọbìnrin ló mọ èyí láti kékeré.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi nìkan ni kò mọ̀ ọ́n. Ó ti lọ sí Lọ́kọ́jà kí ọgbọ́n tó kún orí rẹ̀. Akọ̀wé tó fẹ́ ẹ kò kọ ebè. Àwọn alágbàṣe ló rán wá, ìyá ọkọ kankan kò sì bá wọn wá. Nítorí náà, ohun tó rò ni pé àwọn àna kàn ń bọ̀ wá wò mí ni, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wo àwòrán. Ẹ̀rù sì bà á.

"Bí wọ́n bá rí ọmọ yìí báyìí, wọ́n á ní ebi la fi ń pa á," ó sọ fún bàbá mi. "Ní Lọ́kọ́jà, ìyàwó máa ń ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Láti òní lọ, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan odó. Kò gbọdọ̀ pọnmi, kò gbọdọ̀ ru ohunkóhun. Kó wá jókòó sínú àga mi, kó máa jẹun, kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dé, á ti di ènìyàn."

Ìyá mi wà níbẹ̀. Mo rí i tó la ẹnu, tó sì tún pa á dé.

Nígbà tí a wà ní àwa méjì lẹ́yìnkùlé, mo bi í pé, "Mà, ṣé wọn kò mọ̀ pé èmi ni n óò gún odó àkọ́kọ́ ni?"

"Ta ni yóò sọ fún wọn?" ni ìyá mi wí. "Ṣé ìwọ ni?"

"Rárá o, mà."

"Èmi náà kò lẹ́nu. Ìyàwó ni mí nínú ilé yìí, ọkọ mi sì ti pàṣẹ." Ó ń wo iṣu tó ń bẹ, kò wò mí. "Lọ jókòó, ọmọ mi. Jókòó dáadáa. Bí ọwọ́ rẹ bá ń yún ọ, jókòó lé e."

Mo lọ jókòó.

Kò pẹ́ tí ìṣòro fi dé. Bí n kò bá gún iyán, ta ni yóò gún un? Oyún ìyá mi ti tóbi nígbà náà, kò sì sí ẹni tó lè fi ipá mú un. Bàbá mi jókòó sídìí àwo òfìfo, ó ń wo ojú ọ̀run. Àwọn alágbàṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀.

"Ọkọ mi," ìyá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi jẹ́jẹ́, "ṣé kí àbúrò yín fi ebi sùn ni?"

Ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n kò lè wí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó dìde, àga bá a dìde díẹ̀, ó lọ sídìí odó. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ lé ròrò. Ó ń gún un, ó ń mí bí ẹni ń fẹ́ iná, kókó inú iyán náà sì tó èyí tí a fi lè sọ ẹyẹ lókò. Bàbá mi jẹ ẹ́ tán. Èmi náà jẹ tèmi nínú àga ìrọ̀gbọ̀kú, mo sì ní kí ọ̀kan nínú àwọn àbúrò mi wá bá mi mú abẹ̀bẹ̀.

Láti ìdí odó, iṣẹ́ yòókù rọra tẹ̀ lé e wá. Ẹni tó ń gún iyán nílò omi, amù sì ti gbẹ. Àwọn àbúrò mi kéré jù láti gbé agolo. Nígbà tí òjò fi máa dáwọ́ dúró, láti inú àga ni mo ti ń wo ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gòkè bọ̀ láti odò pẹ̀lú agolo mi lórí, tí ìró rẹ̀ ń yọ́ bọ́ nídìí rẹ̀. Àkọ́kọ́, ó ń dúró sinmi lábẹ́ gbogbo igi tó wà lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà igi kan ṣoṣo. Nígbà tó yá, kò dúró mọ́, ó tilẹ̀ ń bá àwọn obìnrin tó pàdé jà lójú ọ̀nà láìsọ ẹrù kalẹ̀.

Èmi ńkọ́? Ẹ má rò pé ó rọrùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mò ń jẹ bí mo ṣe ń jẹ tẹ́lẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sì ń yọ. Inú ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń dùn, ó ń fọwọ́ tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bí ẹni ń wo èso bóyá ó ti pọ́n. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ebi mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Oúnjẹ á dé, n óò wò ó, n óò ní, "Ó tó mi." Apá mi rọ̀ bí ẹ̀wà tó jinná jù. Bí mo bá rìn dé ẹnu ọ̀nà, mo máa ń wá ibi tí n óò fara tì.

Àwọn tó ń wá ìtàn idán níbí, ẹ má bínú. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin nípa ìtọ́jú ara, mo rí àlàyé rẹ̀ nínú ìwé, mo sì rẹ́rìn-ín títí kíláàsì fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Iná inú ara kì í kú. Bí a bá tilẹ̀ sùn tí a kò mira, ọkàn ń lù, èémí ń wọlé ń jáde, ara ń gbóná, oúnjẹ ni gbogbo wọn fi ń ṣiṣẹ́. Ẹran ara tí iṣẹ́ ti mú le ń jẹ ju ọ̀rá lọ, àní lójú oorun. Kì í ṣe ohun tó pọ̀, ṣùgbọ́n kì í gba ìsinmi. Ohun tó ń mú ìyàtọ̀ jù wá ni ohun tí a ń ṣe lójoojúmọ́: ìdìde, ìjókòó, ìrìn lọ sódò, títẹ̀ mú abẹ̀bẹ̀ ẹni. Ẹni tó jókòó ní gbogbo ọjọ́ lè jẹun bí ẹyẹ kó sì tóbi bí ilé. N kò ní aràn rí. Odó ló ń jẹ iyán tí mo ń jẹ. Ká ní mo mọ̀ ọ́n nígbà náà, n kì bá tí sọ fún un.

Torí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó kọ́kọ́ jẹ́ pé kì í ti àwo kúrò mọ́. Lẹ́yìn náà ó ń bu kún un. Ó sì ń tijú, nítorí pé gbogbo àdúgbò ló ti sọ fún pé òun kì í jẹun. Ní ọ̀sán kan tí ilé dákẹ́, ìyá mi rán mi láti yẹ ẹ̀yìn ọgbà iṣu wò, ó ní òun ń gbóòórùn èéfín. Mo rọra lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo bá níbẹ̀ lórí ìdúró, ó ń ki iṣu sísun bọ epo, ẹnu rẹ̀ pupa, ó sì ń wò yíká bí olè.

Mo kúnlẹ̀ kí i. "Ẹ kú oúnjẹ o, mà."

"Ta ló ń jẹun?" ó wí, iṣu wà lẹ́nu rẹ̀. "Mò ń wò ó bóyá ó jinná ni."

Mo padà lọ sọ fún ìyá mi. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi wọlé, ìyá mi fún un ní omi, ó ní, "Ọkọ mi, ṣé ó jinná?"

Lọ́jọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà bú jáde. Ó fi ọwọ́ gbá ikùn rẹ̀ tó ti fà mọ́ra.

"Káì! Ìyàwó, mo ti kú. Ebi ń pa mí kí ilẹ̀ tó mọ́. Mò ń jẹun, mò ń rù. Wo ọmọ yẹn nínú àga mi, ó ń sanra, kò sì jẹun mọ́. Ṣé o kò rí ohun tó ṣẹlẹ̀? Aràn rẹ̀ ti fi í sílẹ̀. Inú mi ni wọ́n kó wá!"

"Yéè!" ni ìyá mi wí, ó fi ìró bo ẹnu. "Bóyá inú àga ni wọ́n gbà kọjá, ọkọ mi."

Láti Sátidé tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ló ń mu àgbo rẹ̀. Mo ń jókòó, mo ń wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń mu ún. Nígbà tó bá sì ti ẹ̀yìnkùlé dé, n óò bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bóyá ó rí nǹkan kan.

"Dákẹ́ ẹnu rẹ."

"Aràn ológbọ́n ni, mà."

Ọyẹ́ dé. Àwọn àbúrò mi sùn tì mí, wọ́n ní ara mi tutù bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́. Ọ̀kan nínú wọn lọ gun ibùsùn onírin ẹ̀gbọ́n bàbá mi, kò sì padà. Nígbà tó yá, gbogbo wọn ti wà níbẹ̀. Wọ́n ní ara rẹ̀ gbóná ju tèmi àtijọ́ lọ. Ó ń bú wọn, ṣùgbọ́n kò lé wọn sọ̀kalẹ̀.

Ìgbà náà ni ọ̀wẹ̀ dé.

Àwọn ọkùnrin Ìyàrà kọjá sóko pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, akọ̀wé kóòtù sì wà láàrin wọn, ó mú ọkọ́ bí ẹni mú kálámù. Ìyá rẹ̀ jókòó sí àgbàlá wa pẹ̀lú àwọn obìnrin tó bá a wá.

"Òkun o," ó kí wa. "Níbo ni ìyàwó wa wà?"

Mo jáde, mo kúnlẹ̀. Kíkúnlẹ̀ nìkan ti mú kí n máa mí hẹlẹ. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ṣé ọmọ tí mo rí lẹ́sẹ̀ àpáta nìyí? Àbí àbúrò rẹ̀ ni mo rí?"

"Òun náà ni, mà," ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi dáhùn, ó ń yọ̀. "A ti tọ́jú rẹ̀ ni."

"Ẹ tọ́jú rẹ̀? Kí ló ṣe é?" Kò dúró gbọ́ èsì. "Ó dáa. Kó bọ́ sídìí odó, ọ̀sán ti ń lọ."

"Odó kẹ̀?" Ojú ẹ̀gbọ́n bàbá mi yí padà. Ó wo ìyá mi. Ìyá mi ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀. "Ṣebí àwọn obìnrin ilé wà, mà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gún un."

"Ṣé àwọn obìnrin ilé ni ọmọ mi ń fẹ́ ni?"

Wọ́n da iṣu sínú odó. Mo mú ọmọ odó. Mo ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé n óò díbọ́n, pé n óò ṣe bí ẹni tí kò lágbára. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò sí ìdí láti díbọ́n. Ọmọ odó tí mo ti ń gbé bí igi ìfọyín wúwo bí òpó ilé. Mo gún un díẹ̀, èjìká mi ń gbọ̀n. Mo tún gún un díẹ̀, ojú mi ń ṣú. Mo fi orí lé ọmọ odó, mo dúró bẹ́ẹ̀.

"Ó mà ṣe o," ni obìnrin Ìyàrà kan wí. "Ṣé ara ọmọ yìí le?"

Ìtìjú mú ẹ̀gbọ́n bàbá mi débi pé kò rántí ibi tó wà. "Gbé e wá níbí!" ó kígbe, ó já ọmọ odó gbà lọ́wọ́ mi, ó gbá ìró mọ́dìí, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ká fi ìjà sílẹ̀, n óò sọ òtítọ́: n kò rí ẹni tó gún iyán bẹ́ẹ̀ rí. Ilẹ̀ ń mì. Iṣan apá rẹ̀ ń yọ, ó ń wọlé. Iyán náà funfun, ó fà, kò sí kókó kankan nínú rẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, kò mí hẹlẹ rárá, ó kàn ń wo iyán náà bí ẹni tí ebi ń pa.

Ìyá ọkọ bu díẹ̀, ó tọ́ ọ wò. Ó lá ìka rẹ̀.

"Ìyá yìí," ó bi ẹ̀gbọ́n bàbá mi, "ọkọ yín ńkọ́?"

"Ó ti kú, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó tún bu òkèlè mìíràn. "Bàbá ọmọ mi ní àbúrò kan. Ìyàwó tirẹ̀ náà ti kú, iṣu rẹ̀ sì ń jẹrà nínú ọgbà torí kò sí ẹni tó ń gún un." Ó wá yíjú sí mi, kò sì bínú. "Ọmọ mi, lọ máa kàwé rẹ."

Bàbá mi dìde, ó nu ojú rẹ̀. "Ọ̀wẹ̀ ti parí rẹ̀," ó wí. Mo sì rò pé èyí ni ìgbà tí mo rí i tó rẹ́rìn-ín jù láyé rẹ̀.

Mo gbé àpótí páànù mi lọ ní oṣù kìíní. Oko wà ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, igi wà níbẹ̀, odò sì jìnnà, nígbà tí a fi máa lo ọdún kan, obìnrin tó ń bu oúnjẹ fún wa ti ń fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ mí kí n má padà wá sẹ́nu ìlà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ sí Ìyàrà, ó di ìyàwó. Ibùsùn onírin ló kó lọ. Ó fi àga sílẹ̀ fún wa, ó ní òun kò ráyè jókòó mọ́. Ó gún iyán títí irun rẹ̀ fi funfun, ó sì gbé ayé ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bẹ̀rù rẹ̀ lọ. Kò fìgbà kan gbà pé kì í ṣe aràn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ rẹ̀, ìyá yín rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ lóòótọ́. Ó gba odó lọ́wọ́ mi, ó fún mi ní àga rẹ̀. Ohun tó fẹ́ ṣe kọ́ nìyẹn, ẹ yé fi ṣe ìwàásù.

Lọ́jọ́ ìsìnkú náà, nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ dé, wọ́n bu iyán fún mi, mo jẹ ẹ́ tán, mo sì ní kí wọ́n tún bù ú wá. Mo ṣì ń pọnmi mi fúnra mi láti inú kànga, mo ṣì ń ro ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mi. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó tóbi dáadáa, jókòó sí iwájú mi. Ó tọ́ oúnjẹ tirẹ̀ wò, ó ti àwo kúrò, ó sì gbé ojú lé àwo mi gẹ́lẹ́ bí ìyá-ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe.

"Màmá," ó wí, "ẹ má bínú o. Níbo ni ẹ ń kó gbogbo rẹ̀ sí?"

Mo nu ọwọ́ mi.

"Aràn ni, ọmọ mi," ni mo dá a lóhùn. "Ìyá-ìyá rẹ ló dá a padà fún mi."